Ahunṣọ Orí Pátákó

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí ilẹ̀ ti tutù débi pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ níta kò ní tètè lè dìde. Mo kí Bàbá Àgbà lórí ẹní wọn. Mo kí Ìyáálé wa, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀, mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa ní Bẹ́yẹ́rúnkà. Ràbí, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, torí ọ̀rọ̀ rẹ ló bí lẹ́tà yìí.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbé e sí. Àwọn lẹ́tà tí mo ń kọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ ló ń kà wọ́n fún yín nínú yàrá, tí ẹ ó sì ká wọn sábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí kì í ṣe ti abẹ́ ìrọ̀rí. Mo fẹ́ kí wọ́n kà á ní Ọjà'ba, kí wọ́n kà á ní Pópó Yemọja, kí àwọn tó ń ta obì nísàlẹ̀ Mápó náà gbọ́ ọ. Kí ẹ tó gbọ́ ọ tán, ìdí rẹ̀ á ti yé yín.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni lẹ́tà yín fi rìn kó tó bá mi ní Leningrad níbí. Ẹ ní ìyá òyìnbó kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé, rí Ràbí ní Bẹẹrẹ níbi tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ọsàn láàárín ara wọn, ó sì ní ọwọ́ ọmọ náà yá. Ẹ ní ó ta àwọ̀n mọ́ igi méjì lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá, ó sì fẹ́ kí Ràbí wá máa bá òun gbé, kó lè gbá a níṣojú Gómìnà nígbà tí Gómìnà bá wá wo ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sórí òkè Mápó. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á dáṣọ fún un, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni yóò máa gbá. Ẹ ní kíjìpá tó ń hun lọ́wọ́ kò tíì ju ìdajì lọ. Ẹ wá ní èmi tí mo ń gbé láàárín àwọn tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù yìí, kí n sọ èyí tí ẹ ó ṣe, pé ohun tí mo bá ti wí labẹ gé.

Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe rí. Fọ́líbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ta àwọ̀n tó ga ju orí ènìyàn lọ, obìnrin mẹ́fà á dúró lápá ọ̀tún, mẹ́fà á dúró lápá òsì. Bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ dì í mú, wọn ò gbọdọ̀ gbé e dání, wọ́n á kàn máa gbá a síra wọn ni. Abiyamọ á wọ ṣòkòtò tí kò dé orúnkún, á máa fò sókè níṣojú àwọn ọkùnrin, àwọn ọkùnrin á sì máa pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, mo rò pé nǹkan ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ rántí bí mo ṣe débí. Èédú ni mo ń dà sínú ààrò ọkọ̀ ojú omi láti Èkó. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ nílùú yìí, ọkọ̀ ò dúró dè mí, ó lọ. Nígbà tí ara mi yá, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ gbà mí. Ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ níbẹ̀ ju irínwó lọ, ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń rò. Oṣù márùn-ún nínú ọdún, funfun ni gbogbo ìta. Aṣọ mẹ́ta ni mò ń wọ̀ lórí ara wọn, òtútù á sì tún wá mi kàn. Kò sí ẹni tó lè pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó kí mi pé ṣé mo jí ire, nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ Yorùbá sí ògiri.

Ẹni tó ń kí mi láràárọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nína lorúkọ rẹ̀, òun sì ni mo kórìíra jù.

Oko ló ti wá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gíga rẹ̀ sì kọjá ti ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀. Aṣọ híhun ni wọ́n mú un wá kọ́. Àwọ̀n kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣeré lọ́sàn-án tí wọ́n bá jẹun tán. Wọ́n ní kó wá dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́, ọwọ́ kọjá àwọ̀n. Ó fò, ó lu bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀, kò sí obìnrin kankan lápá kejì tó sún mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ wọn ní eré rí i. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ìdí ẹ̀rọ tó ti ń kọ́ṣẹ́ ti di àgọ́ aláǹtakùn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sókè fún un, kí òun fò, kó sì lù ú wálẹ̀. Ìyẹn nìkan ni wọ́n fi ń gbé e ní rélùwéè lọ Moscow, tí wọ́n fi ń gbé e lọ Kharkov. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ wá, ìlù irin dún lẹ́nu géètì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbá a mọ́ra níwájú gbogbo wa. Èmi ni mo gbá òdòdó tí wọ́n jù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yìí kò gbà pé ẹnì kan ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́. Nítorí náà, nínú ìwé ilé iṣẹ́, ahunṣọ ni Nína. Pátákó kan wà lẹ́nu géètì tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó hun aṣọ jù sí, orúkọ Nína ló wà lókè pátápátá, oṣù wọlé, oṣù jáde. Onífọ́tò wá láti ilé ìwé ìròyìn láti wá ya ahunṣọ tó tún mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Wọ́n mú un jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá láàárín òwú, ọmọ náà dorí rẹ̀ kodò. Èmi tí mò ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo bá a yí i padà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nílé wa, ọmọ ọdún márùn-ún kò ní ṣi ọ̀kọ̀ mú.

Ẹ ó bi mí pé ta ló wá ń hun aṣọ rẹ̀. Ìyá mi, èmi ni.

Ó ṣẹlẹ̀ báyìí. Mò ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí òwú kan tó já lórí ẹ̀rọ, ẹni tó ni ìdí ẹ̀rọ náà sì ti lọ mu omi. Ẹni tí ẹ bí ò lè rí òwú tó já kó kọjá. Mo ta á ní kókó tí ẹ kọ́ mi, èyí tí kì í hàn lójú aṣọ tí kì í sì í tú. Ọ̀gá rí mi. Ó wo kókó náà títí, ó ní kí n ta òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi mí sídìí ẹ̀rọ Nína. Ó ní kí n máa gbálẹ̀ láàárọ̀ bí orúkọ mi ṣe wà nínú ìwé, kí n máa hun aṣọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n orúkọ Nína ni aṣọ náà yóò máa jẹ́. Ó ní ìwé tí Nína fi ń gba oúnjẹ ní ilé ìjẹun àwọn ahunṣọ yóò di tèmi, torí àwọn eléré ń jẹ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹran ń bẹ nínú ọbẹ̀ àwọn ahunṣọ. Nínú tàwọn agbálẹ̀, ewébẹ̀ àti omi ni. Mo ní mo gbọ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi hun aṣọ Nína. Ojoojúmọ́ ni mo ń bú u nínú ọkàn mi, tí mo sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé láti ìrìn àjò pẹ̀lú bàtà tuntun, mo máa ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tí wọ́n wé gèlè fún. Ó máa ń dúró kí mi, ó máa ń gbìyànjú láti pe Sàlámì, á ní Sálím, á bi mí bóyá ó tọ̀nà. Mi ò kì í dá a lóhùn dáadáa. Mo ní nínú ara mi pé ahunṣọ tí kò mọ ọ̀kọ̀ í mú kò yẹ lẹ́ni tí ọmọ ahunṣọ ń bá tàkúrọ̀sọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ wa. Èmi ni mo gbá ibẹ̀, ni mo bá dúró wò wọ́n tòun ti ìgbálẹ̀ mi. Wọ́n ta bọ́ọ̀lù sókè fún Nína, ó fò bó ṣe máa ń fò, ó sì lù ú. Nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bọ́ lé lórí. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ ohun tí orúnkún rẹ̀ wí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ó ku bó o ṣe máa fò. Mo kọ ọ́ síbí torí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó.

Àwọn dókítà ṣe é, orúnkún kọ̀, kò tún lè tẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ ò rí ayé bí. Oṣù kejì, ọmọbìnrin mìíràn ti wọ aṣọ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ ń pariwo ti ẹni tuntun, ohùn wọn ò tilẹ̀ há. Olùkọ́ eré tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ wé bàǹdéèjì fún un ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kó má baà pàdé rẹ̀. Mo ti kórìíra Nína, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè wọ́n. Ọ̀gá wá ní ṣebí ahunṣọ ni, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Bó ṣe wá jókòó síbi tí mo ti ń jókòó nìyẹn, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà padà sí ìgbálẹ̀ nìkan àti ọbẹ̀ ewébẹ̀. Inú mi kò dùn. Òwú já lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó já lọ́sàn-án, ó já nírọ̀lẹ́. Ó wá bá mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ kọ́ òun ní kókó tí mò ń ta, pé òun ti rí i lára àwọn aṣọ tó ń jẹ́ orúkọ òun, òun sì mọ̀ pé kókó ẹni tó gbọ́n ni. Mo dá a lóhùn pé kó fò ó, ṣebí fífò ló mọ̀. Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì tiro padà sídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀gá dìde, ó ní ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ wà lókè pátákó fún ọdún mẹ́rin, tí kò wá lè hun aṣọ tó tó ìdajì tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, pé ọ̀lẹ ni, ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn lè gbé ènìyàn lọ ibi tí kò ti ní bọ̀. Nína fi ọ̀pá dìde. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ní òun kò hun aṣọ kan rí láyé òun, pé bọ́ọ̀lù lòun ń gbá, pé ọ̀gá mọ̀, gbogbo wọn mọ̀. Ó ní gbogbo aṣọ tó gbé orúkọ òun sórí pátákó, ọkùnrin yẹn ló hun ún, òun ló yẹ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó nawọ́ sí mi. Ó pe orúkọ mi, Ìyá mi, ó sì pè é bó ṣe yẹ: Sàlámì.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo rántí ìwé ìgbélùú mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé tó bá lé mi, kò sí ọkọ̀ tó ń dúró dè mí. Mo ní èdè wọn kò yé mi.

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń sọ èdè náà. Èdè náà ni mo fi sọ fún un pé kó fò ó.

Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí pátákó. Wọ́n fi Nína sí ìlà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, láàárín àwọn ọmọ tí òun fi ọdún mẹ́rin jù. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́rin pè é ní ahunṣọ orí pátákó nínú ọkàn mi, mi ò lè gbé ojú mi sókè. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì jẹ, ẹran ni mo jẹ. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá a nídìí ẹ̀rọ, mo bẹ̀ ẹ́. Ó kàn na òwú tó já sí mi. Mo kọ́ ọ ní kókó yín, ó sì mọ̀ ọ́n ta kí a tó jẹun ọ̀sán, torí ọwọ́ rẹ̀ yá, ìyá òyìnbó yín ò purọ́ nípa irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo tọ ọ̀gá lọ, mo ní òótọ́ ni Nína sọ, mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ìpàdé mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti tán, pé agbálẹ̀ kì í pèpàdé. Ó nawọ́ ìgbálẹ̀ sí mi.

Bí wọn ò ṣe jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí nìyẹn, tí mo fi wá ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ rántí lẹ́tà tí mo kọ lọ́dún tí ọmọ ilé kejì di akọ̀wé ní Agodi, tí ìyá rẹ̀ ń fi í yangàn sí yín lójoojúmọ́. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ti fi mí ṣe olórí ahunṣọ nílùú òyìnbó, pé irínwó ẹ̀rọ wà lábẹ́ àṣẹ mi. Ẹ ní láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè yín ní Ìyá Olórí Ahunṣọ. Irọ́ ni, Ìyá mi. Mi ò darí ẹ̀rọ kankan rí. Owó táṣẹ́rẹ́ tí mò ń fi ránṣẹ́ tí ẹ ní ó kéré fún olórí, owó agbálẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀ mọ́ láti òní lọ. Mo mọ̀ pé ojú á tì yín ní Ọjà'ba, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin arọ kan dìde lójú gbogbo ènìyàn, ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, èmi ọmọkùnrin sì jókòó.

Ní ti Ràbí, mo ti fẹ́ kọ ọ́ kíákíá pé kò gbọdọ̀ lọ, pé kò sóhun tó wà nínú bọ́ọ̀lù ju fífò àti ṣíṣubú. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ba Nína jẹ́. Iṣẹ́ gidi ló ṣe lórí àwọ̀n yẹn, mo rí i pẹ̀lú ojú mi, mi ò kàn fẹ́ gbà ni. Irọ́ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ló bà á jẹ́, àwa tí a sì ń jẹ nídìí irọ́ náà. Nítorí náà, tó bá wu Ràbí, kó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ bá ìyá òyìnbó náà sọ ọ́ kó yéra wọn: bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, kí wọ́n kọ́ ọ níwèé, kó jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù láàárọ̀ kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bí wọn ò bá gbà, kó jókòó sílé. Kó kọ́kọ́ parí kíjìpá ọwọ́ rẹ̀, kó sì mú òfì rẹ̀ dání. Orúnkún lè kọ̀ lọ́jọ́ kan, kókó tí ẹ kọ́ wa kì í tú.

Ọlọ́run Ọba á dá ẹ̀mí yín sí, Ìyá mi. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí ojú á ti tún tì yín nítorí mi. Bàbá Àgbà á rí mi sójú kí wọ́n tó sun oorun ìkẹyìn, ọmọ á máa sọ nínú ilé wa, òwú ò ní já mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Bẹ́yẹ́rúnkà, ẹ kí àwọn tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín pàápàá. Nína ní kí n kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé kókó náà ò tíì tú.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámì, agbálẹ̀.